Áàpù wo ló yẹ kí n fi ṣètò owó ilé mi?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Olùkọ́ ni mí ní ilé ìwé girama ìjọba kan nílùú Ìlọrin, Tanke la ń gbé. Owó oṣù mi jẹ́ ₦98,000. Mo tún ń ta èròjà ọbẹ̀: ẹja gbígbẹ, ẹ̀gúsí, ata gígún àti irú. Èrè ibẹ̀ máa ń tó ₦30,000 lóṣù tí ọjà bá dá, ó sì lè dé ₦60,000 lóṣù tó bá tà. Ọ̀fà ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n máa ń wálé, ₦80,000 ni wọ́n ń mú wá fún ilé lóṣù. Ọmọ méjì la bí. Mo ní àkáǹtì mẹ́ta: ti owó oṣù, OPay àti Kuda. Mo ti gba oríṣiríṣi áàpù ìṣètò owó sórí fóònù. Ọ̀kan ní kí n so báńkì mi pọ̀ mọ́ ọn, kò sì rí báńkì mi. Òmíràn ń béèrè dọ́là. Owó ilé ìwé àti Iléyá ló máa ń dà mí láàmú jù. Èwo ló dára jù nínú áàpù wọ̀nyí? Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ èyí tó ní èlé nínú."

Ìdáhùn:

Àǹtí wa, ẹ kú wàhálà ilé, ẹ kú ti ọjà. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Goodbudget, èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ni kí ẹ gbà fún owó ilé, kí ẹ̀yin àti bàbá àwọn ọmọ sì jọ máa lò ó, ẹ̀yin ní Tanke, àwọn ní Ọ̀fà. Bí bàbá ò bá ráyè dá sí i, Money Manager ló kàn. Owó ọjà yín kò gbọdọ̀ wọ inú èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ìwé tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni. Màá ṣàlàyé bí mo ṣe dé ibẹ̀, torí ẹlòmíràn lè ka èyí tí ipò rẹ̀ kò rí bíi tiyín, àlàyé náà ni yóò sì fi mọ èyí tó bá a mu.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ áàpù tí kò rí báńkì yín. Kì í ṣe pé ẹ ò mọ̀ ọ́n lò. Púpọ̀ nínú àwọn áàpù tí wọ́n ń yìn jù, àwọn ará Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ni wọ́n ṣe wọ́n fún. YNAB lè bá báńkì Amẹ́ríkà, Kánádà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Yúróòpù sọ̀rọ̀ tààrà. Tiwa kò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Monarch, tó jẹ́ pé Amẹ́ríkà àti Kánádà ló mọ̀. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, ọdún 2021 ni Báńkì Àpapọ̀, CBN, gbé ìlànà jáde lórí bí báńkì ṣe lè jẹ́ kí ilé iṣẹ́ mìíràn rí ìwé àkáǹtì oníbàárà tí oníbàárà fúnra rẹ̀ bá ti yọ̀ǹda, wọ́n sì tún gbé àlàyé bí iṣẹ́ náà yóò ṣe máa lọ jáde ní 2023. Àwọn ilé iṣẹ́ ọmọ Nàìjíríà bíi Mono ń ṣe irú ìsopọ̀ yìí, àmọ́ àwọn ilé iṣẹ́ bíi tiwọn, pàápàá àwọn ayánilówó, ni wọ́n sábà ń ṣe é fún. Okra, tó wà lára àwọn tó ṣíwájú nínú iṣẹ́ náà, kógbá sílé ní 2025. Nítorí náà, áàpù tí ẹ bá mú lónìí, ọwọ́ ara yín lẹ ó fi máa kọ ìnáwó sínú rẹ̀. Ẹ gba ìyẹn bẹ́ẹ̀, ẹ má sì wá èyí tí yóò máa kọ ọ́ fún yín mọ́.

Mi ò ka ìyẹn sí àdánù rárá. Ẹ wo bí owó ṣe ń jáde lọ́wọ́ yín. Ẹ gba ₦20,000 lọ́wọ́ oníPOS kan ní Tanke, ẹ bọ́ sí Ọjà Ìpàtà, ẹ ra ẹran, ẹ ra ata àti àlùbọ́sà, ẹ san owó kẹ̀kẹ́ lálọ àti lábọ̀, ẹ sì ra búrẹ́dì fún àwọn ọmọ nígbà tí ẹ ń bọ̀. Nínú gbogbo èyí, ohun kan ṣoṣo tí báńkì mọ̀ ni pé ₦20,000 jáde. Áàpù tó bá so mọ́ báńkì yóò kọ POS síwájú rẹ̀, ẹ ó sì tún wá jókòó máa rántí ibi tó gbà lọ. Níbi tí owó lọ́wọ́-lọ́wọ́ ti pọ̀ tó báyìí, ẹni tó kọ ọ́ kó tó kúrò nídìí igbá aláta ló máa mọ ìnáwó rẹ̀.

Ohun tó wá yẹ kí ẹ fi wọ́n wéra kì í ṣe ẹwà àwòrán tàbí iye ìràwọ̀ tí àwọn èèyàn fún wọn. Ẹ wo bó ṣe yá tó láti kọ ìnáwó kan sílẹ̀. Ẹ pa dátà fóònù, ẹ ṣí áàpù náà, kí ẹ kọ ₦1,500 ata sínú rẹ̀. Bí ó bá ní àfi kí ẹ tan dátà kó tó gbà, ẹ yọ ọ́ dànù, torí ọjọ́ tí dátà bá tán ni ẹ ó dẹ́kun kíkọ, bí ẹ bá sì ti fo ọjọ́ mẹ́ta, kò ní wù yín ṣí mọ́. Bí ó bá gbà, ẹ ka iye ìgbà tí ẹ fọwọ́ kàn án kó tó wọlé. Monefy yá púpọ̀ ní ti èyí: àwòrán oúnjẹ, ọkọ̀ àti aṣọ ló tò yí ojú rẹ̀ ká, ẹ tẹ ọ̀kan, ẹ kọ iye, ó parí. Wallet tí BudgetBakers ṣe kún fún nǹkan púpọ̀, àwọn tó fẹ́ràn àwòrán àti ìṣirò máa ń fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ nínú ohun tó fi ń fani mọ́ra, owó ni wọ́n fi ń ṣí i.

Lẹ́yìn ìyára, ohun tó ya àwọn áàpù yìí sọ́tọ̀ síra wọn jù lọ, tí àwọn tó ń polówó wọn kì í sì í sọ, ni ìgbà tí wọ́n ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Àwọn kan ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìnáwó. Money Manager, Monefy àti Wallet wà nínú àwọn wọ̀nyí: ẹ ná, ẹ kọ, ìparí oṣù ni wọ́n ó tó fi hàn yín pé oúnjẹ gba báyìí, ọkọ̀ gba tọ̀hún. Òótọ́ ni pé ẹ lè fi òdiwọ̀n sí ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan nínú wọn, àmọ́ àkọsílẹ̀ ohun tó ti kọjá ni ìpìlẹ̀ wọn. Àwọn kejì ń sọ̀rọ̀ ṣáájú. Goodbudget, YNAB àti Actual Budget wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ tí owó bá wọlé, ẹ ó pín in sínú àpò, bí àwọn ìyá wa ṣe ń di owó ata sí etí ìró kan, tí wọ́n ń di owó ọkọ̀ sí etí kejì. Bí ẹ bá sì fẹ́ ra nǹkan, iye tó ṣẹ́ kù nínú àpò yẹn lẹ ó wò, kì í ṣe iye tó wà ní báńkì.

Ẹni tí owó ń wọlé fún dáadáa, tí kò kàn mọ ibi tó ń gbà lọ, àwọn àkọ́kọ́ ló bá a mu. Yóò lò ó fún oṣù bíi mẹ́ta, yóò rí ihò náà, yóò dí i. Tiyín kọ́ nìyẹn. Ẹ mọ ohun tó ń gbówó lọ. Ẹ dárúkọ rẹ̀ fún mi nínú ìwé yín: ilé ìwé àti Iléyá. Ìnáwó tó ń bọ̀ tí ẹ ti mọ̀ pé ó ń bọ̀, àmọ́ tó ń bá owó yín nílẹ̀ láìtíì yà á sọ́tọ̀. Àwọn kejì ló ń wo irú rẹ̀ sàn, ìdí nìyẹn tí mi ò fi mú Money Manager ṣáájú fún yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni mo máa ń mú fún ọ̀pọ̀ èèyàn.

YNAB ló ní ọgbọ́n yìí jù, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Kò sí owó kan tí ẹ kò ní yan iṣẹ́ fún kí ẹ tó ná an. Ṣùgbọ́n $109 ni wọ́n ń gbà lọ́dún, tàbí $14.99 lóṣù. Bí a bá ṣírò dọ́là kan sí ₦1,500, ti ọdún yẹn lé ní ₦163,000, ó ju owó oṣù yín kan àtààbọ̀ lọ, ẹ ó sì tún wá káàdì tó ń san dọ́là. Ohun tí ẹ ó fi owó náà rà gan-an, ìyẹn ìsopọ̀ pẹ̀lú báńkì, kò ní ṣiṣẹ́ fún yín. Ẹ kó ọgbọ́n rẹ̀, ẹ fi owó rẹ̀ sílẹ̀. Actual Budget kò gba owó, iṣẹ́ rẹ̀ sì dára, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà dáadáa ló lè tò ó kí fóònù méjì máa rí i. Ẹ fò ó.

Goodbudget ọ̀fẹ́ fún yín ní ogún àpò, àkáǹtì kan, fóònù méjì, àti àkọsílẹ̀ ọdún kan. Fóònù méjì yẹn ló jẹ́ kí n mú un. Bí bàbá bá ra epo ọkọ̀ ní Ọ̀fà, tí wọ́n kọ ọ́ sínú àpò ọkọ̀, ẹ ó rí i ní Tanke, kò ní sí pé ẹ̀ ń dúró de ọjọ́ Jímọ̀ kí ẹ tó mọ̀ pé owó ọkọ̀ ti lọ. Mo ti rí ìdílé tí ìjà owó inú wọn rọlẹ̀ nítorí nǹkan kékeré yìí, nítorí pé ìbéèrè "níbo lowó yẹn lọ?" kò wáyé mọ́. Àkáǹtì kan tó ní kò yẹ kó bà yín lẹ́rù. Ẹ ro owó tó wà ní àkáǹtì owó oṣù, OPay, Kuda àti èyí tó wà lọ́wọ́ yín pọ̀, kí ẹ kọ ọ́ bí owó kan ṣoṣo. Àpò ló ń pín in, kì í ṣe báńkì.

Ẹ jẹ́ ká wá pín in. Èrè ọjà tó kéré jù ni kí ẹ fi ṣètò, ₦30,000, kì í ṣe ₦45,000 tó wà láàrin. Pẹ̀lú ₦98,000 àti ₦80,000, ó di ₦208,000. Oṣù tí ọjà bá tà, èyí tó lé ní ₦30,000 yóò wọ àpò kan tí ẹ ó pè ní "Oṣù tó ń bọ̀", ẹ ò ní ná an nínú oṣù tó wọlé. Àpò yẹn ló máa jẹ́ kí oṣù tí ọjà bá dá má di oṣù gbèsè.

Ẹ ò sọ iye owó ilé ìwé fún mi. Ká ní ₦48,000 ni fún ọmọ kan ní sáà kan, ọmọ méjì á jẹ́ ₦96,000, sáà mẹ́ta á jẹ́ ₦288,000 lọ́dún, tí a bá pín in sí oṣù méjìlá, ₦24,000 lóṣù ni. Sáà àkọ́kọ́ ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, èkejì ní oṣù kìn-ín-ní, ìkẹta láàrin oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún, nítorí náà oṣù mẹ́rin mẹ́rin ló sábà wà láàrin wọn, ₦24,000 lọ́nà mẹ́rin sì jẹ́ ₦96,000 géérégé. Ó ṣe déédéé. Àmọ́ bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá, oṣù méjì péré ló kù kí sáà kejì wọlé, ₦48,000 péré lẹ ó ti kó jọ. Ẹ má rò pé áàpù náà já yín kulẹ̀. Àpò "Oṣù tó ń bọ̀" tàbí bàbá ló máa gbé ìdajì yòókù lẹ́ẹ̀kan yẹn, lẹ́yìn ìyẹn ó ti tọ́.

Iléyá ni àwọn áàpù yìí kò gbọ́ èdè rẹ̀ rárá, ẹ fara balẹ̀ níbí. Bí ẹ bá dá àpò ọdọọdún nínú èyíkéyìí nínú wọn, oṣù méjìlá òyìnbó ni yóò fi kà á. Oṣù ojú ọ̀run ni Iléyá ń tẹ̀ lé, ó sì ń wá síwájú pẹ̀lú ọjọ́ mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá lọ́dọọdún: ọjọ́ 16 oṣù kẹfà ni ní 2024, ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ni ní 2025. Láàrin ọdún mẹ́ta, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sún oṣù kan síwájú. Ẹni tó fi àpò rẹ̀ sí ọjọ́ kan náà lọ́dọọdún, ọdún kan ń bọ̀ tí Iléyá yóò dé kí ìdá tó kẹ́yìn tó wọlé. Ẹ pín owó Iléyá sí oṣù mọ́kànlá dípò méjìlá. Bí ìpín tiyín nínú rẹ̀ bá jẹ́ ₦60,000 fún aṣọ àwọn ọmọ àti oúnjẹ àlejò, ₦5,500 lóṣù yóò kó o pé, pẹ̀lú ₦500 lé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ tuntun ní oṣù tó tẹ̀ lé Iléyá gan-an. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe fún owó ààwẹ̀, bí àwọn nǹkan ìṣínu bá máa ń gba owó lọ́wọ́ yín.

Àpò yòókù kò le: oúnjẹ, gáàsì, tókìnnì iná, ọkọ̀, dátà, ọṣẹ àti nǹkan ilé, ilé kéú, ìlera, ẹbí, òde, sàdákà. Ẹ ya òde sọ́tọ̀ kúrò lára ẹbí. Nílùú Ìlọrin níbí, ìsọmọlórúkọ, wòlíímọ̀ àti ìyàwó lè tò tẹ̀ léra wọn ní òpin ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láìsinmi, aṣọ ẹgbẹ́ sì wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá dà á pọ̀ mọ́ owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ìyá yín, òde ló máa jẹ ti ìyá. Ẹ dá àpò kékeré kan sílẹ̀ fún owó báńkì. Àwọn báńkì máa ń gba ₦10 lórí owó tí ẹ bá fi ránṣẹ́ tí kò ju ₦5,000 lọ, ₦25 tí kò bá ju ₦50,000 lọ, ₦50 tó bá jù bẹ́ẹ̀, ₦50 ti ìjọba sì tún wà lórí èyí tó bá tó ₦10,000. Kéékèèké ni, àmọ́ àwọn ni wọn kì í jẹ́ kí ìṣirò inú áàpù àti ti báńkì bára mu, òun sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń jù ú sílẹ̀.

Àwọn olùkọ́ kì í ṣaláìní àjọ, ẹ ò kàn dárúkọ rẹ̀ ni. Ibẹ̀ ni Goodbudget ọ̀fẹ́ ti rọ jù. Ká ní ẹ̀yin mẹ́wàá lẹ ń dá ₦10,000 lóṣooṣù, tó sì kàn yín ní oṣù kẹta. ₦100,000 tí ẹ gbà, ₦30,000 péré ló jẹ́ owó yín nínú rẹ̀. ₦70,000 yòókù gbèsè ni, oṣù méje gbáko lẹ ó fi san án. Áàpù tó ka ₦100,000 sí owó tó wọlé lásán ń tàn yín jẹ. Nínú Money Manager, ẹ lè ṣí àkáǹtì kan tí ẹ ó sọ ní "Àjọ", kí gbogbo owó tí ẹ bá dá máa lọ síbẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá gba tiyín, yóò fi hàn pé ẹ jẹ ₦70,000, yóò sì máa dín kù lóṣooṣù. Goodbudget ọ̀fẹ́ kò ní ààyè àkáǹtì kejì fún irú èyí. Ohun tí ẹ ó ṣe ni pé kí ẹ kọ gbèsè náà sí orúkọ àpò fúnra rẹ̀: "Àjọ, ó ku 7", kí ẹ sì máa yí i padà sí 6, sí 5, títí yóò fi tán. Ó rí jákujàku, ṣùgbọ́n ẹ̀yin méjèèjì yóò máa rí i lójú. Owó tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ń yọ láti orísun kó tó dé ọwọ́ yín, ẹ má kọ ọ́ rárá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí iye tó wọ àkáǹtì.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọjà. Ẹ pè é ní èrè, ₦30,000 sí ₦60,000. Ṣé ẹ ti yọ owó tí ẹ fi ra ẹja náà? Ọkọ̀ tó gbé e wá ńkọ́? Irú tó bàjẹ́ tí ẹ dà nù ńkọ́? Bí bàbá bá ń ra ẹ̀gúsí bọ̀ fún yín ní Àjàṣẹ́-Ìpo nígbà tí wọ́n ń bọ̀ láti Ọ̀fà, tí àwọn sì san owó rẹ̀ láti àpò tiwọn, owó ilé ló ń bọ́ ọjà yẹn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Áàpù ilé kò lè dá èyí mọ̀. Ẹ ṣí ojú ìwé kan nínú Google Sheets, kí ẹ fi ọjọ́, ohun tí ẹ rà, iye tí ẹ rà á, ọkọ̀, iye tí ẹ tà á àti ohun tó bàjẹ́ síbẹ̀. Bí fóònù bá kéré, ìwé onílà tí ẹ fi ń kọ máàkì àwọn ọmọ tó. Lẹ́yìn oṣù kan, èyí tó ṣẹ́ kù gan-an ni kí ẹ san fún ara yín, òun nìkan ni kó wọ Goodbudget. Ìwé ọjà yìí tún wúlò fún sàká, nítorí sàká wà lórí ọjà títà náà: ìdá méjì àtààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, tó bá tó ìwọ̀n tí ó sì pé ọdún oṣù ojú ọ̀run. Bóyá tiyín ti tó ìwọ̀n, ẹ bi alfa yín, àmọ́ láìsí ìwé kò sí ohun tí àwọn náà máa rí kà.

Ní ti èlé, ọkàn yín lè balẹ̀. Goodbudget, Money Manager àti Monefy kì í gba owó yín pamọ́, ìwé lásán ni wọ́n, èlé kò sì lè wọ ibi tí owó kò sí. Àwọn tí ọ̀rọ̀ èlé kàn ni áàpù ìfowópamọ́ tí wọ́n ń dárúkọ pọ̀ mọ́ ti ìṣètò owó, bíi PiggyVest, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2016 lórúkọ Piggybank.ng, àti Cowrywise tó tẹ̀ lé e ní 2017. Wọ́n wúlò láti ti owó pa kí ọwọ́ má baà tó o, ṣùgbọ́n wọn kò lè sọ fún yín pé ẹ ná owó ata jù. Bí ẹ bá fẹ́ ibi tí owó ilé ìwé yóò dúró sí ní ti gidi, Cowrywise ní ìfowópamọ́ halal. Àwọn báńkì tí kì í bá èlé ṣe náà wà, Jaiz láti 2012, TAJBank láti 2019, Lotus láti 2021. Kuda yín máa ń to ìnáwó sí ìsọ̀rí, ó sì láyè láti ya owó sọ́tọ̀, àmọ́ ohun tó bá gba inú Kuda kọjá nìkan ló mọ̀. Owó oṣù yín kò bá ibẹ̀ wọlé. Ẹ rántí pé báńkì kékeré ni ìwé àṣẹ Kuda, ₦2,000,000 sì ni NDIC, àjọ ìjọba tó ń ṣe ìdánilójú owó inú báńkì, ń dáàbò bò fún oníbàárà kan ní irú báńkì bẹ́ẹ̀ láti 2024, ₦5,000,000 ní àwọn báńkì ńlá.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ gbà gbọ́ gidigidi: áàpù tí ẹ ń fi ọwọ́ kọ kò nílò BVN yín, kò nílò nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ káàdì, kò sì nílò láti ka orúkọ àwọn èèyàn inú fóònù yín. Bí ọ̀kan nínú àwọn tí ẹ ti gbà bá béèrè wọn, ẹ yọ ọ́ kúrò lónìí. Ayánilówó ni púpọ̀ nínú irú wọn lábẹ́ orúkọ ìṣètò owó. Láti 2023 ni Google ti fòfin de áàpù ayánilówó láti wo orúkọ àwọn èèyàn àti àwòrán inú fóònù, òfin ààbò ìsọfúnni ti Nàìjíríà náà sì jáde lọ́dún kan náà, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp kò gba ọ̀dọ̀ Google kọjá.

Kí ẹ tó kọ ohunkóhun sínú èyí tí ẹ bá mú, ẹ wá ibi tí a ti ń kó àkọsílẹ̀ jáde nínú rẹ̀. Mint, áàpù ìṣètò owó tí ilé iṣẹ́ Intuit rà ní 2009, ni àwọn ará Amẹ́ríkà fọkàn tán jù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Oṣù kẹta 2024 ni wọ́n tì í pa. Ẹni tó ti kó ìwé rẹ̀ jáde bá a lọ síbòmíràn, ẹni tí kò kó o pàdánù rẹ̀. Bí ẹ bá wá lo Money Manager, inú fóònù yín nìkan ni ohun gbogbo wà, ẹ máa fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ímeèlì yín lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, torí bí fóònù bá bọ́ sómi, ó ti lọ nìyẹn.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí owó oṣù bá wọlé, ẹ má gbìyànjú láti kọ èyí tó ti kọjá. Ní alẹ́ Jímọ̀, nígbà tí bàbá bá ti wálé, ẹ jọ ro owó inú àkáǹtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti tọwọ́ pọ̀, kí ẹ fi wé ohun tí áàpù sọ. Bí ó bá fi ₦800 yàtọ̀, ẹ kọ ọ́ sí "Kò yé wa", kí ẹ lọ sùn. Bí ó bá lé ní ₦5,000, ẹ wá a. Iye àpò oúnjẹ kì í ṣe òfin. Iye tó tó lóṣù tó kọjá lè má tó mọ́, ẹ sá mọ bí owó ọjà ṣe ń fò. Bí ó bá tán ní ọjọ́ 22, ẹ mú láti inú òde, lẹ́yìn rẹ̀ láti inú dátà, lẹ́yìn rẹ̀ láti inú "Oṣù tó ń bọ̀". Àpò ilé ìwé àti ti Iléyá, àfi tí ẹ̀yin méjèèjì bá fẹnu kò kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.